Èmi Kọ́ Ni Mo Ní Kí Wọ́n Tú Ajá Sílẹ̀

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ti kìlọ̀ fún ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe. Bí mo bá ní inú bí mi, kó kọ ọ́ pé inú bí mi. Kó má lọ kọ ọ́ pé inú mi kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ojú mi ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ títúnṣe ń dá sílẹ̀. Èmi kò kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ, mo sì mọ̀ bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ tí n kò sọ sí mi lẹ́nu.

Ní ẹsítéètì tí ọmọ mi ra ilé sí ní Stockbridge, nílùú òyìnbó níbí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé èmi ni mo ní kí wọ́n tú ajá sílẹ̀ sí àwọn ajáko. Ọkùnrin kan pàdé mi níbi tí mo ti ń rin ìrìn àárọ̀ mi, ó gbé àtàǹpàkò sókè sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín sí i, n kò mọ ohun tí ó ń yìn mí fún. Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n, ó dùn mí wọ egungun.

Ẹranko tí mò ń wí yìí, kayóòtì ni àwọn ará ibí ń pè é. Èmi ń pè é ní ajáko, nítorí orúkọ tí bàbá mi ń pe èyí tó jọ ọ́ nílé nìyẹn. Ó jọ ajá, kì í ṣe ajá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eruku tí wọ́n pò mọ́ eérú, ìrù rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó jí nǹkan. Lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa, pápá kan wà tí àgbẹ̀ kan ti ń gé koríko fún màlúù. Lẹ́yìn pápá náà ni wọ́n ti gé igbó gbọọrọ lábẹ́ wáyà iná ńlá. Ibẹ̀ ni àwọn ajáko ń gbà wọlé sí àárín wa.

Lákọ̀ọ́kọ́, ike ìdọ̀tí ni wọ́n ń dà nù. Lẹ́yìn náà, ológbò ẹnìkan kò wálé mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ajá kékeré funfun tí obìnrin òyìnbó tó wà ní ilé kejì sí wa ń tọ́. Opó ni obìnrin náà. Ajá yẹn nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé. Mo lọ jókòó tì í ní ọjọ́ náà, n kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi, a kàn jókòó bẹ́ẹ̀ ni, ó di ọwọ́ mi mú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò mọ ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń rí. Ọmọ ọdẹ ni mí. Ẹran ìgbẹ́ ló tọ́ mi dàgbà. N kò jẹ́ dúró níwájú ènìyàn kí n ní pípa ẹran burú.

Ìgbà tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó bo gbogbo mọ́tò tí gbogbo ìlú ń sín ni wọ́n pe ìpàdé ẹsítéètì. Ọmọ mi ní kí n sinmi sílé. Mo ní mo fẹ́ bá a lọ. Èmi náà ń gbé àdúgbò.

Gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Alága wọn, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ gún régé, ní ìbọn kò ṣeé yìn nítòsí ilé, pé májèlé lè pa ajá onílé, pé tàkúté lè mú ọmọ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan wà tó ní àwọn ajá tó ń sáré bí afẹ́fẹ́, tó ń fi wọ́n lé ajáko mú ní pápá, àwọn ajá ọ̀hún ló sì ń pa á. Ó ní àgbẹ̀ tó ni pápá ti fọwọ́ sí i. Ọmọ ọmọ mi tó jókòó lẹ́yìn mi ló ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí. Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì gbọ́ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì.

Alága bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo na ọwọ́ sókè. Ọmọ mi wò mí bí ìgbà tí mo fẹ́ tú aṣọ láàárín ọjà.

Ohun tí mo sọ nìyí. Mo ní: "Ẹ kú ìjókòó o. Ọdẹ ni bàbá mi. Òun náà ní ajá. Ṣùgbọ́n ajá bàbá mi kì í pa ẹran, ó ń wá a jáde ni, ìbọn ní í parí rẹ̀, kí ìyà má baà pẹ́ lára ẹran. Bàbá mi kì í sì í lépa ẹran tó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ìgbà tí ẹranko yìí ń tọ́mọ gan-an la wà yìí. Mo ti ojú fèrèsé rí abo kan tí ikùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ nígbà òtútù, ikùn ọ̀hún ti lọ báyìí. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ewé ń já bọ́ kí ẹ tó lé wọn. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹni tó bá pa ìyá gbọ́dọ̀ wá àwọn ọmọ rí, kó parí iṣẹ́ rẹ̀, kó má fi wọ́n sílẹ̀ fún ebi."

Ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo tilẹ̀ dúró mí kanlẹ̀ láàárín rẹ̀. Ọmọ mi dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi gbólóhùn méjì, gbogbo ilé bá pàtẹ́wọ́.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ sí.

A kò tíì débi mọ́tò tí mo fi bi ọmọ ọmọ mi. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ẹ̀yìn orí bàbá rẹ̀.

"Grandma, Daddy ní bàbá yín jẹ́ ọdẹ pàtàkì ní Africa. Pé ajá ni wọ́n fi ń ṣọdẹ níbẹ̀ láti ayébáyé. Pé ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn."

Mo ní, "Ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn?"

Ọmọ mi ní, "Mummy, mo sọ kókó rẹ̀."

"Orí rẹ̀ lo sọ. O gé ìyókù dà nù."

"Mummy, ẹ gbọ́ ná. Àwa nìkan ni ọmọ Nàìjíríà ní títì yìí. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe fẹjọ́ wa sùn nítorí mọ́tò àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ṣé ẹ fẹ́ kí n dìde láàárín wọn kí n ní ìyá mi ní ẹ ò mọ nǹkan tí ẹ ń ṣe?"

"Mi ò sọ pé wọn ò mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe."

"Bó ṣe máa dún létí wọn nìyẹn."

"Etí wọn ni kó o jẹ́ kó gbọ́ ọ ná!"

A wọ mọ́tò, ó ṣíná sí i. Ó wá ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Àfi bí ìgbà tí ó fi ọwọ́ ara mi gbá mi létí. Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Nílé wa, bí àgbà bá fi ìbínú rán ọmọ sí àgbà kejì, ọmọ tó gbọ́n yóò bu omi là á lọ́nà kó tó débẹ̀. Mo rán an bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, ó jíṣẹ́ dáadáa, gbogbo ilé ń yìn ín pé ọmọ yìí ní ọgbọ́n orí, pé kò ní da ìlú rú. Mo ń yangàn. Èwo ni mo wá fẹ́ sọ báyìí? Mo yíjú sí ojú fèrèsé mọ́tò. Ọmọ ọmọ mi ní kí àwọn padà lọ sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Bàbá rẹ̀ ní wọ́n ti dìbò.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan dúró síwájú ilé. Ọlọ́jà ni mo kọ́kọ́ pè é. Àṣé ọkùnrin alájá náà ni. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ ọdẹ kan wà ládùúgbò tó ń ti iṣẹ́ òun lẹ́yìn, ló bá ní òun kò lè kọjá láì kí i. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba díẹ̀. Ọkùnrin náà ní ẹ̀kọ́, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn.

Ajá mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹsẹ̀ wọn gùn, orí wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn wọn lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Èèyàn lè ka egungun ìhà wọn.

Mo sọ fún ọmọ ọmọ mi pé, "Sọ fún un pé kó máa fún ajá lóúnjẹ. Nílé wa, a kì í fi ebi sin ajá ọdẹ."

Èyí ni ọmọ náà sọ bí mo ṣe sọ ọ́, mo rí i lójú ọkùnrin náà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá wọn, pé ẹran màlúù tí wọ́n ń jẹ, òun alára kì í rí i jẹ. Ọ̀kan nínú wọn, aláwọ̀ eérú, na ọrùn gbọọrọ, ó fi imú tútù kàn mí lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ tutù bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. N kò lè kórìíra ajá náà.

Mo bi í léèrè pé, "Ta ni yóò jẹ ajáko náà?"

Ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́.

"Ajá náà ńkọ́? Kí ni ìpín tiwọn nínú rẹ̀?"

Ó ní àwọn ajá òun kì í fẹnu kàn án lẹ́yìn tó bá ti kú. Eré yẹn ni wọ́n ń jẹ.

 Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí. Ní ilé bàbá mi, ìfun ẹran ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ fún ajá, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kan ibòmíràn. Bàbá mi ní ajá tí kò bá ní ìpín nínú ẹran, o ti sọ ọ́ di apànìyàn lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹran ló ń pa. Àmọ́ ọkùnrin yìí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ní ẹran tí tàkúté bá mú lè wà nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, kó tún mọ́. Èyí tó bá jẹ májèlé, inú ihò ni yóò ti máa yí gbirigbiri. Ajá tòun, bó bá ti bá a, ó tán. Ó ní, "Ẹ sọ èyí tí ẹ̀yin ìbá yàn, Mà."  Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì rí èsì tó yè kooro fọ̀, ìyẹn náà sì wà lára ohun tó ń bí mi nínú.

Mo wá sọ ohun tí mo sọ ní ìpàdé fún un, gbogbo rẹ̀, láti ẹnu ọmọ ọmọ mi. Ó yí fìlà lọ́wọ́. Ó ní òun alára kì í fẹ́ sáré ajá ní àsìkò báyìí, pé àwọn ará ẹsítéètì ni kò fẹ́ dúró, nítorí àwọn ọmọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọlidé. Ó ní bó bá ṣẹlẹ̀ pé abo tó ń fọ́mọ lọ́mú ni, òun yóò wá ihò rẹ̀ kàn. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lójú tèmi, ìlérí ni.

Òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ kan lẹ́yìn náà ni òun àti àwọn ajá rẹ̀ wá. Mo dúró sídìí fẹ́ǹsì pẹ̀lú ìborùn mi. Àwọn aládùúgbò ti jókòó sí ẹ̀yìn ilé wọn pẹ̀lú kọfí, bí ẹni tó wá wo bọ́ọ̀lù. Àwọn kan gbé fóònù sókè.

Abo náà ló jáde. Mo mọ̀ ọ́n, etí òsì rẹ̀ ya díẹ̀. Ó jáde láti ìdí páìpù kọnkéré ńlá tí omi òjò ń gbà kọjá lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa, ó rí ọkọ̀, ó sì sáré. Ohun tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò fiyè sí ni pé kò sá padà wọ inú páìpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Pápá gbalasa ló sá bọ́ sí, níbi tí kò sí ibi ìsápamọ́ kankan. Mo pariwo, "Ó lọ́mọ! Ó lọ́mọ o!" Ta ló gbọ́ ọ?

Ọkùnrin náà tú ajá sílẹ̀. Mo ti rí ajá tó ń sáré láyé mi, n kò rí irú èyí rí. Ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Ó rẹwà. Ó rẹwà débi pé ọkàn mi fò sókè kí n tó rántí ohun tí mò ń wò, inú sì tún bí mi sí ara mi.

Ọkùnrin náà ti ní ó ń yá. Kò yá. Abo náà ṣẹ́rí padà nígbà tí aláwọ̀ eérú bá a, ó ya á léjìká, ajá náà ké. Àwọn méjì tó kù gbá a mú, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan nídìí, wọ́n ń fà á bí aṣọ tí ọmọdé méjì ń jà sí. Ọkùnrin náà sáré títí, ọ̀nà jìn, kó tó dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ilé wọn. Àwọn kan ti gbé kọfí wọn wọlé. Ìyá arúgbó tí wọ́n pa ajá rẹ̀ kò pàtẹ́wọ́, ó bo ojú.

Nígbà tí ó gbé e dé ẹ̀yìn ọkọ̀, mo ti jáde lọ bá a. Mo gbé itan ẹran náà sókè. Irun ìdí ọmú rẹ̀ ti re tán níbi tí àwọn ọmọ ń fà. Mo fi ìka tẹ ọ̀kan, wàrà yọ. Mo fi ìka náà han ọkùnrin náà. Kò sí ògbufọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ògbufọ̀ fẹ́ ṣe. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo páìpù, ó wo ajá rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó na ọwọ́ sí ajá náà, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà, ó wakọ̀ lọ. Ó ń gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ta ni yóò bá a wí? Bí ajá bàbá mi bá ń kú lọ, òun náà yóò sáré.

Ṣùgbọ́n kò padà wá ní ọjọ́ náà, kò sì wá ní ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì ni igbe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú páìpù. Igbe tín-ín-rín, bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọmọ mi. Obìnrin opó náà gbọ́, ó jáde wá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń pè wọ́n ní ọmọ wẹ́wẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. Àwọn tó ń gba ẹranko tó nílò ìrànlọ́wọ́, àwọn kan ní àwọn kì í gba irú èyí, àwọn kan ní kò sí àyè, àwọn kan kò gbé e. Alága ẹsítéètì ní iṣẹ́ tí àwọn gbé fún ọkùnrin náà ti parí, pé kí a má fọwọ́ kàn wọ́n, kí a jẹ́ kí igbó ṣe bí igbó ṣe ń ṣe.

Mo ní, "Igbó kọ́ ló gbé píkọ́ọ̀pù wá."

Mo wá sọ fún ọmọ ọmọ mi níwájú obìnrin opó náà pé, "Sọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́. Má fi iyọ̀ sí i, má yọ iyọ̀ kúrò níbẹ̀. Kí ẹnìkan kó wọn jáde kó máa bọ́ wọn, tàbí kí ẹnìkan pa wọ́n lónìí. Ọ̀kan nínú méjèèjì. Kí ebi máa jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ilé mi, n kò gbà."

Ọmọ náà wò mí. "Grandma, ṣé kí n sọ ìyẹn?"

"Sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Obìnrin tó di ọwọ́ mi mú nígbà tí ajá rẹ̀ kú sún kúrò lọ́dọ̀ mi bí ẹni tó rí ejò nínú koríko. Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n jókòó ti kọfí wo bí ajá ṣe fa ìyá ya, ìyẹn kì í ṣe ìkà. Èmi tí mo ní kí wọ́n má fi ebi pa ọmọ, èmi ni ìkà.

Nígbà tí ọmọ mi ti ṣíìfù òru dé ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò ti dé orí fóònù rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Mummy! Ẹ ní kí wọ́n pa ọmọ ajá?"

"Ọmọ ajáko. Mo sì ní kí wọ́n bọ́ wọn, bí wọ́n bá lè bọ́ wọn. Ṣé wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀?"

"Ohun tí mò ń sá fún gan-an nìyí. Ohun tí mò ń sá fún láti ọjọ́ yìí nìyí!"

"Ìwọ lo ní mo ní kí wọ́n tú ajá sílẹ̀. Ìyẹn dáa létí wọn. Èyí tí mo sọ fúnra mi ni kò dáa."

"Ẹ má bínú, Mummy. Mo ṣiṣẹ́ mọ́jú ni. Ẹ jẹ́ kí n jókòó."

Ó jókòó tòun ti bàtà. Mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì ń bínú sí i síbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kò dá sí wa. Inú yàrá ló wọ̀ lọ, ó pe ọkùnrin alájá náà fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò ní kó pè é. Èmi náà kò ní kó pè é, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ó pè é.

Ọkùnrin náà dé ní ọ̀sán, òun nìkan, kò mú ajá wá. Ó ní wọ́n ti rán ajá náà léjìká, pé ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ mìíràn kò jẹ́ kí òun padà. Kò wá àwáwí púpọ̀. Ó dùbúlẹ̀ ní ikùn, ó na apá wọ inú páìpù títí dé èjìká, ó sì ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni wọ́n. Ọ̀kan ti tutù. Ojú àwọn mẹ́ta tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó sì ní àwọ̀ búlúù bí ojú ọmọ tuntun. Wọ́n ń fi ẹnu wá ọmú ní àárín ìka rẹ̀.

Ó bi mí láti ẹnu ọmọ ọmọ mi bóyá n ó wọlé. Mo ní rárá. Ẹni tó bá ní kí a ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ dúró wò ó. N kò ní sọ bí ó ṣe ṣe é. Ó yá kíákíá, ìyẹn ni mo lè sọ. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó sin wọ́n, ó fi bàtà tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Kò wò mí lójú. Èmi náà kò wo ojú rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ lọ.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí. Mo wẹ ọwọ́, mo jókòó sí ìdí fèrèsé ilé ìdáná. Lẹ́yìn gbogbo ìbínú, mo ní ó kéré tán, iṣẹ́ ti parí bí bàbá mi ì bá ṣe parí rẹ̀.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ajáko kan gba ẹ̀gbẹ́ pápá wá. Akọ ni, ó tóbi ju abo yẹn lọ. Ó gbé odindi ehoro sẹ́nu. Ó lọ tààrà sí ẹnu páìpù, ó gbé ehoro náà sílẹ̀, ó sì ti orí bọ inú páìpù. Ó yọ orí jáde. Ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ó gbóòórùn ilẹ̀ káàkiri, ó padà, ó jókòó ti ehoro náà.

Mo pe ọmọ ọmọ mi. Mo ní, "Akọ wọn máa ń bọ́ ọmọ ni?"

Ó wá a nínú fóònù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Akọ máa ń gbé oúnjẹ wá fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti fún àwọn ọmọ bí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀. Ó yára fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n Grandma, àwọn yẹn kéré jù. Ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Wàrà ni wọ́n nílò."

Mo ní, "Ṣé ó dájú?"

Ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀! Bàbá mi kò sọ fún mi rí pé akọ ajáko ń bọ́ ọmọ. Bóyá kò mọ̀. Bóyá ó mọ̀, tí kò kà á sí. Bóyá wọn ì bá kú bẹ́ẹ̀ náà, kí ebi pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóyá ọ̀kan ì bá là á já. Ta ni n ó wá bi? Mo fẹ́ bínú sí alága, mo fẹ́ bínú sí ọmọ mi, mo fẹ́ bínú sí ọkùnrin alájá náà, kò sí èyí tí ìbínú náà bá mu nínú wọn. Ọ̀nà àbáyọ kankan kò sí nínú rẹ̀.

Mo fi ìka lu gíláàsì fèrèsé pé kó máa lọ. Ó gbé ojú sókè wò mí, kò lọ. Mo tún lù ú, mo lù ú kíkankíkan.

Ọmọ mi dé ẹ̀yìn mi. "Mummy, kí lẹ ń lù?"

Mo ní kó wá wò ó. Ó wá, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó fà mí lápá díẹ̀díẹ̀ pé kí n kúrò lójú fèrèsé, pé oúnjẹ ti ń tutù. Mo já apá mi gbà.